Irin Ìwọ̀n-Ẹsẹ̀

Tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan kí iléèwé wọlé,
màmá wa á fi omi gbígbóná fọ ẹsẹ̀ wa,
èmi àti Lorene, nínú báfù kan náà,
á yẹ àárín ọmọ-ìka wò, á yẹ gìgísẹ̀ wò:
"Ọ̀gbẹ́ni Tesmer ò gbọdọ̀ rí ìdọ̀tí ilé mi."
A ó wọ bọ́ọ̀sì, a ó gba etí odò Ohaió kọjá,
níbi tí iléeṣẹ́ irin ti ń tu èéfín pupa sójú ọ̀run,
tí bàbá wa wà nínú ooru lọ́hùn-ún,
títí a ó fi dé iwájú Ostrander.

Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń yí bí òòyì.
Ẹ bá mi wo ọmọ ọdún méje tó ń ti gíláàsì tó ga jù ú lọ,
tó yí po lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rántí pé ó yẹ kóun wọlé!
Afẹ́fẹ́ tútù á kí wa káàbọ̀,
òórùn ẹ̀pà tí wọ́n ń fi bọ́tà yan,
òórùn lọ́fínńdà, òórùn awọ tuntun,
àti àtẹ̀gùn onípákó tó ń gbé ara rẹ̀ lọ sókè,
tó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ bí eyín arúgbó.
Lorene ní ó máa ń gbé ẹsẹ̀ ọmọdé mì.
Títí mo fi pé ogún ọdún,
mi ò tẹ ìparí rẹ̀ rí. Fífò ni mo ń fò ó.

Lájà kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Tesmer kúnlẹ̀.
Àgbàlagbà tó de táì, tó hewú,
ó kúnlẹ̀ fún ọmọ ẹni tó ń yọ́ irin.
Ó gbé ẹsẹ̀ mi lé irin ìwọ̀n,
ó tutù bí imú ajá,
ó rọra ti ojú ìwọ̀n kan àtàǹpàkò mi:
"Ọkùnrin, o ti ga sí i."
Ẹsẹ̀ ló ń wò, gíga ló ń sọ.
Bàtà tó mú wá, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀,
ó fi ìka tẹ ibẹ̀:
"Ti ọdún tó ń bọ̀ nìyí."

Iléeṣẹ́ irin ló kọ́kọ́ dákẹ́.
Wọ́n máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i;
Ostrander ò jó ní tiẹ̀, rírù ló ń rù.
Wọ́n ti àjà kẹta pa, wọ́n ti ilé oúnjẹ pa,
ẹ̀pà di ẹ̀pà inú ọ̀rá.
Ìlú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n tẹ orúkọ wọn sára àpò bébà,
ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà.
Mẹ́rin ló kù. Tiwa ò sí nínú mẹ́rin.

Ọwọ́ tèmi náà ò mọ́.
Mo ń dùbúlẹ̀ fi fóònù ra bàtà,
wọn a ju páálí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà,
bó bá fún mi, mo dá a padà.
Kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀.

Ní Sátidé tí wọ́n kọ ọ́ sójú fèrèsé pé gbogbo ẹrù gbọ́dọ̀ tán,
èrò ya wọlé bí omi.
Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé Àńjọ̀fẹ́.
Wọ́n ń ra ìkọ́ aṣọ, wọ́n ń ra àga,
ẹnìkan gbé ọmọlangidi obìnrin sí èjìká, kò lórí.
Ọdún mélòó ni a ti wá ẹsẹ̀ wọ̀nyí tì, tèmi pẹ̀lú?
Nísàlẹ̀ páálí kan, láàárín okùn bàtà,
mo rí irin náà.
Ọmọbìnrin ìdí owó, tó fi òrùka símú,
yí i sọ́tùn-ún, yí i sósì:
"Kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe?"
Mo fẹ́ ṣàlàyé. Ọ̀fun mi ò jẹ́.
Ó ní kí n mú dọ́là méjì wá.

Lálẹ́, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ṣì tutù.
Mo pe Lorene ní Arisónà.
Kò béèrè irin, kò béèrè iye tí mo rà á.
"Àtẹ̀gùn ńkọ́?"
Mo ní wọ́n ti pa á, ẹsẹ̀ la fi ń gùn ún.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Nígbà tó o dókè, ṣé o fò ó?"
Mo fò ó.